Ohun Tí London Pa Rẹ́, Tí Jos Fi Pamọ́: Àtúnwò Àwọn Eré Amóhùnmáwòrán àti Sinimá Àtijọ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni iléeṣẹ́ BBC kéde ní London pé ọwọ́ ti tẹ ìpín mẹ́sàn-án nínú eré Doctor Who, èyí tí wọ́n gbé jáde lórí amóhùnmáwòrán láàárín ọdún 1967 sí 1968, tí gbogbo ènìyàn sì ti gbà pé ó ti ṣègbé. Kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rí i. Ìlú Jos, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, lórílẹ̀-èdè wa níbí, ni Philip Morris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó fi wíwá irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́, ti bá wọn nínú yàrá ìkẹ́rùsí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan, tí eruku ti bò wọ́n. Ìpín mọ́kànlá ni ó bá níbẹ̀. BBC ti ní méjì nínú wọn tẹ́lẹ̀. Ní ti mẹ́sàn-án yòókù, kò sí ẹni tí ó mọ ibòmíràn tí ẹ̀dà wọn wà.

Ẹni tí kò mọ ìtàn ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí lè béèrè bí iléeṣẹ́ tí ó ní owó, tí ó ní òye, tí ó sì ní àyè, ṣe lè sọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nù, tí yàrá kan tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún ní Jos sì wá di olùtọ́jú rẹ̀. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ tẹ̀ lé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ta àwọn eré àtijọ́ wọ̀nyí sórí díìsìkì, tí tọmọdé tàgbà sì ń tún wọn wò, ó ti di àṣà láàárín àwọn tí ń kọ ìwé nípa wọn láti máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èyí tí ó dára jù lọ ni ó ṣẹ́ kù fún wa. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá wo ìtàn náà fínnífínní, a ó rí i pé ohun tí ó sọ eré kan di àpẹẹrẹ ní ọjọ́ òní kì í sábàá jẹ́ ìdájọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, eré orí amóhùnmáwòrán kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí eré orí ìtàgé. Bí àwọn òṣèré ti ń ṣe é ni kámẹ́rà ń gbé e lọ sí ilé àwọn olùwòran ní ìṣẹ́jú kan náà. Bí ó bá sì ti parí, ó parí nìyẹn. Ní ọdún 1953, Nigel Kneale kọ The Quatermass Experiment ní ìpín mẹ́fà, ìtàn ọkọ̀ òfurufú tí ó gbé ènìyàn mẹ́ta lọ sí ojú sánmà, tí ó sì jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n bá nínú rẹ̀ nígbà tí ó padà. Ìpín méjì àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n gbà sílẹ̀ sórí fíìmù. Mẹ́rin yòókù kò sọnù rárá, nítorí pé kò sí nǹkan kan tí ì bá sọnù: wọn kò gbà á sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1954, Kneale kan náà àti Rudolph Cartier, olùdarí eré, gbé ìwé Nineteen Eighty-Four tí George Orwell kọ jáde gẹ́gẹ́ bí eré, Peter Cushing sì ni òṣèré pàtàkì inú rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ṣe é. Àríwísí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àwọn kan ń bú u, àwọn mìíràn sì ń gbè é. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn òṣèré padà wá, wọ́n sì tún eré náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ti Ọjọ́bọ̀ yìí ni wọ́n gbà sílẹ̀, òun náà ni a sì ń wò lónìí. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ Àìkú ni ó dá ìjà sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí òǹkọ̀wé kan bá ń ṣàlàyé ohun tí ó bí àwọn ènìyàn nínú ní ọdún náà, tí ó sì ń tọ́ka sí ojú òṣèré báyìí tàbí ohùn rẹ̀ báyìí, eré mìíràn ni ó ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí ìjálá tàbí ẹsẹ̀ Ifá rí mọ ohun tí mò ń wí. A kì í fi ohun tí apohùn sọ ní Ọjọ́bọ̀ ṣe ẹ̀rí ohun tí ó sọ ní ọjọ́ Àìkú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu kan náà ni ó ti jáde.

Téèpù dé lẹ́yìn náà, ó sì dà bí ẹni pé ìṣòro ti tán. Òdìkejì ni ó ṣẹlẹ̀. Téèpù ìgbà náà fẹ̀ tó ínṣì méjì, owó rẹ̀ sì ga púpọ̀. Àǹfààní tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rí nínú rẹ̀ ni pé a lè pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí a sì tún un lò. Àdéhùn tó wà láàárín iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ àwọn òṣèré sì fi òté lé iye ìgbà tí wọ́n lè tún eré kan gbé jáde, nítorí ẹ̀rù ń ba àwọn òṣèré pé bí a bá ń tún ti àná ṣe lójoojúmọ́, iṣẹ́ tuntun kò ní sí fún wọn. Nígbà tí àwòrán aláwọ̀ dé BBC2 ní ọdún 1967, tí ó sì dé BBC1 ní ọdún 1969, eré aláwọ̀ dúdú àti funfun wá di ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní fẹ́ rà mọ́. Kò sí ẹ̀rọ tí ará ilé lè fi wo eré ní àkókò tí ó bá wù ú. Kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe? Ẹ̀ka tí ń tọ́jú fíìmù rò pé téèpù kì í ṣe iṣẹ́ òun. Ẹ̀ka tí ó ni téèpù rò pé àwọn tí ń ta eré sí òkè òkun ní ẹ̀dà lọ́wọ́. Àwọn tí ń tà á náà sì ń ju ẹ̀dà tiwọn nù nígbà tí ẹ̀tọ́ láti tà á bá ti parí, nítorí wọ́n rò pé ojúlówó rẹ̀ wà níbì kan. Ọdún 1978 ni wọ́n tó dáwọ́ pípa téèpù rẹ́ dúró. Mo ti kà nínú ìwé púpọ̀ pé ìwà ọ̀dàlẹ̀ sí àṣà ni èyí. Èmi kò rí ọ̀dàlẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ṣe iṣẹ́ wọn bí ó ti yẹ ni mo rí.

Nínú ohun tí ó bá a lọ ni Madhouse on Castle Street, eré tí Evan Jones, ọmọ ilẹ̀ Jamaica, kọ, tí BBC sì gbé jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1963. Ọ̀dọ́mọkùnrin olórin ará Amẹ́ríkà kan tí òkìkí rẹ̀ kò tí ì kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kópa nínú rẹ̀. Bob Dylan ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n pa téèpù náà rẹ́ ní ọdún 1968, nígbà tí gbogbo ayé ti mọ ẹni tí ó ń jẹ́ Dylan. The Road, eré Kneale mìíràn tí ó jáde ní ọdún 1963 kan náà, bá a rìn. Ti The Year of the Sex Olympics (1968) tún jẹ́ ẹ̀sín díẹ̀: wọ́n ṣe é ní aláwọ̀, dúdú àti funfun nìkan ni ó sì ṣẹ́ kù.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan níbí kí n tó máa ṣe adájọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1987, nígbà tí mò ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi, mo gba ohùn ìyá àgbàlagbà kan sílẹ̀ ní abúlé kan lágbègbè Oǹdó. Kásẹ́ẹ̀tì ti wọ́n gan-an ní àsìkò náà, nítorí gbogbo ohun tí ń ti òkè òkun wá ni owó rẹ̀ ti gun òkè. Ìró ni mo ń wá lẹ́nu ìyá náà. Mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo nílò sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ìró wọn, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gba ohùn ẹlòmíràn lé ohùn rẹ̀ lórí. Ohun tí ìyá náà ń sọ fún mi láàárín nǹkan bí wákàtí kan ni bí wọ́n ṣe ń rẹ aṣọ láró nígbà èwe rẹ̀: ewé tí wọ́n ń já, eérú tí wọ́n ń sẹ́, ohun tí wọ́n ń sọ fún aró bí kò bá mú. Lẹ́yìn ogún ọdún, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ń ṣe ìwádìí nípa àdìrẹ béèrè bóyá mo ní nǹkan kan tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Mo fi ìwé mi hàn án: ọ̀rọ̀ igba ó lé, tí a tò ní ẹsẹẹsẹ, tí ìtàn kò sí níbẹ̀. Ìyá ti kú nígbà náà. Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń bú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ BBC, mo máa ń dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Jos. Fún títà sí òkè òkun, wọ́n ń da eré orí téèpù kọ sórí fíìmù, wọn a sì kó ẹ̀dà wọ̀nyí ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀dà kan lè ti ọwọ́ iléeṣẹ́ kan dé ọwọ́ èkejì àti ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn èyí, àdéhùn ni pé kí wọ́n dá a padà tàbí kí wọ́n bà á jẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti pa àdéhùn mọ́, kò sí ohun tí ó kù. Níbi tí ènìyàn kan bá ti gbàgbé, tàbí tí owó ìfiránṣẹ́ kò bá sí, ni ìrètí wà. Kì í ṣe ọdún 2013 ni ilẹ̀ wa kọ́kọ́ ṣe irú oore àìròtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1984 sí 1985, ìpín The War Machines (1966) àti The Time Meddler (1965) padà sí London láti Nàìjíríà. Hong Kong ni wọ́n ti rí The Tomb of the Cybermen ní ọdún 1992, erékùṣù Cyprus sì dá àwọn ìpín kan nínú The Reign of Terror padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ya àwa tí a ń kọ́ nípa ẹ̀ka-èdè lẹ́nu. Bí ọ̀rọ̀ àtijọ́ bá ń kú ní àárín ilẹ̀, etí ilẹ̀ ni a máa ń lọ wá a sí. Ìró tí a ń kọ ní gh, tí ó ti di w lẹ́nu àwọn ará Ọ̀yọ́, wà lẹ́nu àwọn ará ìlà-oòrùn síbẹ̀. Ẹni tí ó bá dé Ọ̀wọ̀ yóò gbọ́ tí àwọn onílùú ń pe ìlú wọn ní Ọ̀ghọ̀. Àárín ilẹ̀ ni àyípadà ti ń ṣẹlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn pọ̀ sí, ibẹ̀ ni ọjà wà, ibẹ̀ ni àṣà tuntun ti ń ti àṣà àtijọ́ jáde. London ni ó nílò téèpù fún eré tuntun. Jos kò nílò fíìmù náà fún ohunkóhun, ìdí nìyí tí ó fi wà níbẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń yin àìbìkítà. Iye yàrá irú ti Jos tí òjò ti wọ̀, tí ikán ti jẹ, tí wọ́n sì ti kó ohun inú rẹ̀ jóná láti fi àyè sílẹ̀ fún tábìlì ọ̀gá tuntun, kò ṣe é kà.

Ó yẹ kí a tún mẹ́nu ba àwọn ọmọdé. Ní ọdún 1963 sí 1969, àwọn ọmọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú amóhùnmáwòrán ilé wọn láti gba ohùn Doctor Who sílẹ̀, wọn a sì bẹ ìyá wọn kí ó má ṣe sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn, ohùn gbogbo ìpín tí ó sọnù ni ó wà. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Cura sì fi yíya fọ́tò ojú amóhùnmáwòrán ṣòwò, ó ń tà wọ́n fún àwọn òṣèré àti olùdarí. Ohùn tí kò ní àwòrán, àwòrán tí kò ní ohùn: bí àwọn olólùfẹ́ ṣe gbé pẹ̀lú eré yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, wọ́n sì dá a lẹ́jọ́ lórí ìyẹn.

Ìdájọ́ náà kò dúró. The Enemy of the World, ọ̀kan nínú méjì tí ó ti Jos bọ̀, ní ìpín mẹ́fà, ìpín kẹta nìkan sì ni ó wà ṣáájú ọdún 2013. Ìpín kẹta yẹn, bí ó ti rí, ni ìgbésẹ̀ kéré sí jù lọ, nítorí náà wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́yìn ìwé pé eré tí kò lérè ni. Nígbà tí márùn-ún yòókù dé, ohun tí a rí ni eré tí ó yára, tí ó sì kún fún ọgbọ́n òṣèlú, nípa Salamander, ọmọ ilẹ̀ Mexico tí ó fẹ́ fi oúnjẹ àti ìrọ̀rùn gba àkóso ayé. Patrick Troughton ni ó ṣe Salamander, òun náà ni ó ṣe Doctor, òun náà sì ni ó ṣe Doctor tí ń ṣe bí ẹni pé Salamander ni òun. Mo wo àwọn ìran yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí ìpè ọ̀rọ̀ nìkan. Lójú ti òní, ìpè Mexico tí ó gbé wọ̀ dà bí agbádá aláàgbàwọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Mexico kankan kò ní bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Doctor bá ń fara wé e, Troughton fi ọgbọ́n jẹ́ kí ìpè náà yẹ̀ díẹ̀, kí a lè mọ̀ pé aláfarawé ni ó ń sọ̀rọ̀. Ènìyàn kan ń pe ọ̀rọ̀ láìtọ́, ó sì tún ń pe àìtọ́ náà láìtọ́. Fọ́tò Cura kò lè fi ìyẹn hàn wá.

Cathy Come Home kò wá láti ibi ìkẹ́rùsí kankan. Orí fíìmù ni wọ́n ti ya èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì wà láìyingin. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1966 ni BBC gbé e jáde. Jeremy Sandford ni ó kọ ọ́, Ken Loach ni ó darí rẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù méjìlá ènìyàn ni ó sì wò ó: ìtàn ọ̀dọ́ tọkọtaya tí ilé bọ́ mọ́ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, títí tí ìjọba fi gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ ìyá wọn. Gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ pé eré yìí ni ó bí Shelter, ẹgbẹ́ tí ń jà fún àwọn aláìnílé. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá ọdún kan náà ni Shelter bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lẹ́yìn eré. A kì í dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ti ń múra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí eré náà ṣe ni pé ó la etí àwọn ènìyàn sílẹ̀ de ìpè náà. Ohun tí èmi ń tẹ́tí sí nígbà tí mo bá tún un wò ni àwọn ohùn tí a kò rí ojú àwọn tí ó ni wọ́n, tí ń ròyìn bí wọ́n ṣe ń gbé, bí ẹni ń ti ẹ̀yìn ògiri sọ̀rọ̀. Loach tún ṣe irú rẹ̀ nínú sinimá Kes (1969), níbi tí àwọn ọmọ Barnsley ti sọ èdè Barnsley gẹ́lẹ́. Wọ́n ní láti tún apá kan ohùn rẹ̀ gbà kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó lè gbọ́ ọ. Láti ẹnu àwọn tí ó ni Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì!

Ó ku The Wicker Man, sinimá tí Robin Hardy darí, tí Anthony Shaffer kọ, tí ó jáde ní ọdún 1973. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ẹgbẹ́ àwọn tí ń bọ òrìṣà ni wọ́n fi ń pe irú sinimá tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò lè fi sílẹ̀, ó sì bá èyí mu ju gbogbo yòókù lọ. Ọlọ́pàá kan, onígbàgbọ́ tí kì í fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré, lọ sí erékùṣù kan ní Scotland láti wá ọmọbìnrin tí wọ́n ní ó sọnù. Ó bá àwọn ènìyàn tí wọ́n ti padà sídìí àwọn òrìṣà àtijọ́, wọ́n sì fi í rúbọ nínú ère ńlá tí wọ́n fi ẹ̀ka igi hun. Iléeṣẹ́ tí ó ni sinimá náà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá tuntun tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n gé e kúrú, wọ́n sì so ó mọ́ ìdí sinimá mìíràn, Don't Look Now, gẹ́gẹ́ bí ènì. Ojúlówó ohun tí wọ́n gé sọnù. Àwọn kan ní wọ́n rì í mọ́ abẹ́ òpópónà tí wọ́n ń ṣe nígbà náà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, ó sì dùn ún gbọ́. Amẹ́ríkà ni ẹ̀dà tí ó gùn ju ti ilé lọ wà: ní ọdún 2013, ẹ̀dà tí ó ti wà nípamọ́ ní Yunifásítì Harvard ni wọ́n lò láti ṣe èyí tí Hardy fọwọ́ sí. Etí ilẹ̀, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Yorùbá tí ó bá wo sinimá yìí yóò rí nǹkan tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò sábàá mẹ́nu bà. Inú ìwé Frazer, ọ̀mọ̀wé tí ó jókòó sí Cambridge tí ó kó àṣà gbogbo ayé jọ láìkúrò nídìí tábìlì, ni Shaffer ti rí ọ̀pọ̀ ètùtù inú rẹ̀. Ère tí a fi ẹ̀ka igi hun sì wá láti inú ohun tí Julius Caesar kọ nípa àwọn ará Gaul, àwọn tí òun fúnra rẹ̀ ń bá jagun. A mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ̀pọ̀ nípa tiwa. Ṣùgbọ́n sinimá náà gbọ́n ju orísun rẹ̀ lọ, nítorí ó jẹ́ kí olúwa erékùṣù náà sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé baba ńlá òun, ọlọ́rọ̀ onímọ̀ ọ̀gbìn kan ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ni ó dá àwọn òrìṣà náà padà fún àwọn ará ìlú kí wọ́n lè fi tọkàntọkàn ṣiṣẹ́ oko èso rẹ̀. Ẹ̀sìn àtijọ́ tí ọ̀gá oko ṣètò ni. Mo ti rí i nígbà mẹ́rin kí ọ̀rọ̀ yẹn tó wọ̀ mí létí.

Nígbà tí ìròyìn Jos jáde, mo ka gbogbo èyí tí ọwọ́ mi tẹ̀, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti wa. Wọ́n sọ nípa eruku, wọ́n sọ nípa ooru, wọ́n sọ nípa ayọ̀ àwọn olólùfẹ́ Doctor Who. A ti ń ṣe eré fún amóhùnmáwòrán ní orílẹ̀-èdè yìí láti ìgbà tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Yorùbá, ní Hausa àti ní èdè mìíràn. Púpọ̀ nínú wọn ni orúkọ wọn nìkan ṣẹ́ kù lẹ́nu àwa tí a wò wọ́n. Nínú gbogbo ohun tí mo kà, n kò rí ẹni tí ó béèrè ohun mìíràn tí ó wà nínú yàrá náà.